Ẹrù Kò-Dá-Mi-Lójú

Ọjọ́ kìíní tí ọmọbìnrin náà wọ kíláàsì ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Sístà Àmín. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Olùkọ́ wọn, ìyá àgbàlagbà kan tó máa ń fi gíláàsì kan sójú, tó sì máa ń gbé òmíràn lé orí, ń kí wọn káàbọ̀ sí ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn, Filọ́sọ́fì àti Ìwà Títọ́. Ó ní, "Ẹ ó kàwé níbí títí ojú yín á fi máa ta yín o."

"Àmín!" ni ọmọbìnrin náà dáhùn gbangba, kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá Gíláàsì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn, yọjú wò ó láti òkè awò rẹ̀, ó ní, "Ẹnì kan ti gbà á ládùúrà. Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin yòókù."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn nílé. Ẹ̀gbẹ́ dùùrù yẹn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rákò, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sùn nígbà ìwàásù. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ ibi tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká bi í lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, tí Ọlọ́run bá ti mọ nǹkan tí mo fẹ́ bèèrè, kí ló dé tí mo tún ń bèèrè?"

Ó ní kí ọmọ náà jókòó. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun alára kò rí ara gbé jókòó mọ́. Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé yunifásítì.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ta kò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á fọ ìgbàgbọ́ kúrò lára ọmọ yìí bí ẹni fọ ọtí tó dà sáṣọ. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìdókòwò. Kò sẹ́ni tó ń bi oníṣòwò ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Kó lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, màá wá fi etí ara mi gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń kọ́ wọn. Bí ó bá ti ń sọnù, màá mú un padà wálé."

Iṣẹ́ kan wà tí Màmá Gíláàsì máa ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ẹrù Ọmọnìkejì ló pè é. Yóò so ènìyàn méjì tí èrò wọn kò bára mu pọ̀. Olúkúlùkù yóò dìde níwájú kíláàsì, yóò sì gba ẹnu ẹnì kejì sọ̀rọ̀ nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà. Kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sì gbọdọ̀ fi "ṣùgbọ́n" parí rẹ̀. Bó bá ti parí, olùkọ́ kò ní fún un ní máàkì kankan, ẹni tó ni èrò náà ni yóò dìde sọ pé, "Ẹrù mi ni," tàbí, "Ẹrù mi kọ́."

"Àbí kí ni mo fẹ́ fi àwọn olùjiyàn ṣe?" ni Màmá Gíláàsì wí. "Ilé ayé ti ní wọn tó. Ẹni tí kò bá lè gbé ẹrù ẹlòmíràn dé ẹnu ọ̀nà láìfọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, kó lọ kọ́ nǹkan mìíràn."

Kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá kùnà, wọ́n á fún un láàyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún kùnà, ẹ̀ka mìíràn ni yóò gbà á. Ẹ̀ka tó sì ní àyè lọ́dún náà ni ti ìmọ̀ ìdókòwò.

Ẹni tí wọ́n so Sístà Àmín pọ̀ mọ́ ni ọmọkùnrin gíga kan tí agboòrùn kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Kò-Dá-Mi-Lójú ni wọ́n ń pè é, nítorí èsì tó máa ń fọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá bi í bóyá Ọlọ́run wà, á ní kò dá òun lójú. Bí ẹ bá bi í bóyá ebi ń pa á, á fọwọ́ tẹ ikùn wò, á ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dá mi lójú."

Òun ló kọ́kọ́ gbé ẹrù tirẹ̀. Àdúrà ni wọ́n ní kó gbẹnusọ fún. Ó fi agboòrùn rẹ̀ ti ògiri, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá-àgbà mi máa ń ròyìn ọjọ́ rẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé mo ti wà nílé látàárọ̀, pé ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, á ròyìn: bí ológbò ṣe gbé ẹran, bí orúnkún ṣe ń dùn ún. Kì í ṣe pé ó ń sọ nǹkan tí mi ò mọ̀ fún mi. Ó ń bá mi jókòó ni. Ẹni tó ń gbàdúrà kò lọ sọ fún Ọlọ́run ohun tí Ọlọ́run kò mọ̀. Ó lọ jókòó tì í ni."

Omi lé ròrò sójú Sístà Àmín. Èsì tí kò rí fún ọmọ kékeré aláìléyín-iwájú nìyẹn, ẹnu aláìgbàgbọ́ ló sì ti wá. Wọ́n bi í. Ó ní, "Ẹrù mi ni," ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Ó kan òun náà. Ó ti múra sílẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó fi ohùn ẹni tó ń kẹ́dùn sọ pé, "Ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Wọ́n ṣe mí níkà nínú ìjọ, mo sì yí ẹ̀yìn padà. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn mi, mo ṣì ń wá ìmọ́lẹ̀..."

Nígbà tó parí, Kò-Dá-Mi-Lójú ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tí kò rà fún. "Ta lo ń sọ ìtàn rẹ̀?" ló bi í. "Ìtàn náà dáa o. Mo káàánú ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹrù mi kọ́."

"O tún fi 'ṣùgbọ́n' sí i," ni Màmá Gíláàsì wí, ó pààrọ̀ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Sístà. Ìgbẹ̀yìn nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìròyìn dé láti ilé: bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an.

Ó sáré wá Kò-Dá-Mi-Lójú lọ sí orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Nígbà wo?"

"Nínú ìjọ. Ṣé pásítọ̀ ni? Àbí ẹnì kan kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá mi ń bẹ, bàbá mi ń bẹ. Pásítọ̀ wa fún mi ní ẹ̀wù yìí."

"Àbí ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó wù ọ́ láti máa dá?"

Ó ronú sí i, ó jẹ búrẹ́dì mì. "Mo fẹ́ràn oorun àárọ̀. Ṣé ó wà lára wọn?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Bí o bá tún sọ pé ẹrù rẹ kọ́, ìdókòwò ni mò ń lọ. Bí o bá sì sọ pé ẹrù rẹ ni, bàbá mi á rò pé mo ti sọnù, á mú mi lọ sílé. Ibo ni kí n yà sí?"

Kò-Dá-Mi-Lójú gbọn èérún búrẹ́dì dànù lára sòkòtò. "Mi ò ní purọ́ tì ọ́ lẹ́yìn o."

"Mi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o fi ọgbẹ́ rẹ hàn mí."

"Kò sí ọgbẹ́ kankan, Àmín. Ibi tó ti ń ṣe ọ́ nìyẹn. O ti gbé báńdéèjì dání, o ń wá ibi tí wàá wé e mọ́." Ó gbé agboòrùn rẹ̀. "Mò ń mú ìyá-àgbà mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Wá bá wa."

"Ìwọ? Ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ta lo fẹ́ kó máa ṣí agboòrùn fún un?"

Ìyá-àgbà náà kéré níwọ̀n, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí Sístà Àmín ti kúnlẹ̀ kí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Àmín? Ó ti sọ̀rọ̀ rẹ fún mi. Ó ní orí rẹ le, ọkàn rẹ rọ̀. Jókòó sí apá ibí, kí n lè gbọ́ bí o ṣe ń kọrin."

Wọ́n jókòó, ìyá-àgbà wà láàárín. Kò-Dá-Mi-Lójú ṣí ìwé orin síwájú rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan fún un. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ẹnu ya Sístà Àmín. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ọmọkùnrin náà ń gbé, ó nípọn, ó sì rọ̀ bí ìró dùùrù. Kò fo ẹsẹ kankan. Nígbà àdúrà, ó tẹ orí ba. Nígbà ìwàásù, òun ni kò sùn.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ dìde láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ẹnu gbogbo wọn ń lọ pọ̀, bí omi tó ń ṣàn lórí òkúta. Ẹnu Sístà Àmín náà ń lọ. Bó ti ń ka ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá wọ̀nyẹn lọ, ó ń ronú bóyá òun yọ áyọ́ọ̀nù tí òun fi lọ aṣọ kúrò nínú iná kí òun tó jáde. Ó rò ó dé ibi pé òun yọ ọ́, ó yíjú, ó sì rí i.

Kò-Dá-Mi-Lójú dúró ṣánṣán. Ìka rẹ̀ ń tọ́ ìlà fún ìyá-àgbà, ojú rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé.

Nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn, ó bi í léèrè.

"Orin, mo lè kọ ọ́," ni ọmọkùnrin náà fèsì. "Orin dára, kò sì sẹ́ni tó ní kí n búra sí i. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí n sọ pé *mo*. Mo gbàgbọ́. Bí mo bá sọ ọ́ nígbà tí kò dá mi lójú, ta ni mò ń purọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ń jó Sístà Àmín nínú.

"Màmá, ṣé kì í bí yín nínú ni?" ló wá bi ìyá-àgbà.

Ìyá-àgbà náà tún gèlè rẹ̀ ṣe lábẹ́ agboòrùn. "Inú kẹ̀? Èmi tí mo kọ́ ọ pé kó má purọ́ ni kí n wá máa bínú pé ó gbọ́? Èmi ń bá Olúwa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ní, 'Ẹ rí i, ọmọ yìí, kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn Yín jẹ. Ọwọ́ Yín ló kù sí.'"

Ọjọ́ náà pé. Bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó sì kí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni tó wọ ilé àna. Nígbà tí àyà bá ń já bàbá yìí, ìka rẹ̀ kì í sinmi, yóò máa tẹ orin lórí ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀. Láti iwájú, ọmọ rẹ̀ ń rí i bó ti ń tẹ orin lórí tábìlì kíláàsì. Ó tilẹ̀ mọ èwo ni. Orin ìsìnkú ni.

Ó rìn dé iwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ó wo àwọn ènìyàn tó jókòó ní ìlà-ìlà, tí wọ́n gbójú sókè sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe máa ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ sì ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára.

"Ẹ jẹ́ kí a di ojú wa, kí a gbàdúrà."

Gbogbo kíláàsì di ojú. Màmá Gíláàsì náà di tirẹ̀, ó tilẹ̀ yọ awò orí rẹ̀ kúrò fún ọ̀wọ̀.

"Bàbá wa ọ̀run," ni Sístà Àmín wí, "a dúpẹ́ fún oore-ọ̀fẹ́ tí O fún wa láti péjọ. Dúró tì mí. Fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, kí n lè sọ ọ́ yékéyéké fún àwọn ènìyàn Rẹ wọ̀nyí pé..." Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tó fẹ́ sọ. Kò sí ọ̀nà àtipadà, ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. "...pé kò dájú pé O wà. Nítorí àánú Rẹ la fi bẹ̀bẹ̀."

"Àmín!" ni ohùn ìsàlẹ̀ kan dún láti àárín kíláàsì. Kò-Dá-Mi-Lójú ni. Lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyá-àgbà ti mọ́ òun náà lára.

Ẹ̀rín tó bú jáde kò kéré. Ẹnì kan ṣubú lórí àga. Màmá Gíláàsì ń nu ojú, ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó lọ sọ pé bóyá ni Ó wà. Ó dáa, Sístà. Ó ti gbọ́. Máa bá a lọ."

Ó bá a lọ. Ẹ̀rín náà ti tú u lára.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí," ló bẹ̀rẹ̀. "Mi ò ní ọgbẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wù mí láti dá tí Ọlọ́run dí mi lọ́nà. Inú ilé Rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo fẹ́ràn orin ibẹ̀, mo sì fẹ́ràn àwọn ènìyàn ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé kí ohun tó wà lẹ́nu mi bá ohun tó wà nínú mi mu. Mo gbà á gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dákẹ́, mo fetí sílẹ̀ tọkàntọkàn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ní ẹ̀yìn kíláàsì, ìka bàbá rẹ̀ dúró lórí tábìlì.

Ó rí i. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ kan sí i báyìí, ìka yẹn á tún máa lọ. "Ṣùgbọ́n" wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, ó gbóná, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun jáde. Ó gbé e mì.

"Bí mo bá sọ fún yín pé mo gbọ́, ẹ ó dì mọ́ mi, inú gbogbo wa á dùn. Ìpìlẹ̀ ayọ̀ náà á sì jẹ́ irọ́. Bí Ọlọ́run kò bá sí, ẹ̀yin ni mo tàn jẹ. Bí Ó bá wà, ojú Rẹ̀ kòrókòró ni mo ti purọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu mi fi ń pa dé níbi ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, nígbà tí tiyín bá ń lọ. Ẹ má pe ìdákẹ́jẹ́ mi ní ìgbéraga. Nínú gbogbo ohun tí mo lè gbé wá sí ilé yín, òun ló jẹ́ òótọ́ jù."

Ó kúrò nídìí tábìlì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá Gíláàsì yíjú sí Kò-Dá-Mi-Lójú. "Oní-nǹkan, kí lo rí?"

Ọmọkùnrin náà dìde. "Ẹrù mi ni," ló wí. "Kò fọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ó dá mi lójú."

Ariwo ta. Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń pariwo pé ó yẹ kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, Kò-Dá-Mi-Lójú ti ní nǹkan kan tó dá a lójú láyé. Ojú Sístà Àmín kò sí lára wọn. Bàbá rẹ̀ ló ń wò, ẹni tó ti dé fìlà, tó sì ń bọ̀ wá síwájú láàárín àga.

Kò kọ́kọ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró síwájú Kò-Dá-Mi-Lójú. "Ìwọ lo ṣe àmín yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Ohùn ìsàlẹ̀ lò ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ti ń wá irú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àwọn tí mo ní nílé, ikọ́ ni wọ́n ń wú." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Níbi ìjẹ́wọ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ máa ń pa dé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́, Dádì. Mo rí i."

Bàbá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ìgbà yẹn ni èmi máa ń to bébà orin tó kàn."

"Èmi náà, áyọ́ọ̀nù ni mò ń rò."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá náà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ débi pé ó ní láti yọ fìlà rẹ̀ láti fi fẹ́ ara. "Àbúrò mi á bi mí pé ṣé wọ́n ti fọ ìgbàgbọ́ rẹ," ló wí nígbà tó mí. "Màá sọ fún un pé wọ́n ti fọ ọ́ o, àti pé ó ti mọ́ ju bí a ṣe rán an wá lọ. Dúró síbí kí o kàwé rẹ parí, ọmọ mi. Olúwa á wà pẹ̀lú rẹ."

"Àmín," ni ọmọbìnrin náà wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó tún lọ jókòó ti ìyá-àgbà. Nígbà tí ìjọ dìde láti jẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ń dúró wò ó bóyá òun wà nínú rẹ̀, kó tó bọ́ sí èkejì. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi fi í sílẹ̀ lọ. Ó wo ìwé, ìlà ti pòórá mọ́ ọn lójú.

Ìka Kò-Dá-Mi-Lójú wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé bó ṣe máa ń rí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò bá ìjọ lọ. Ó dúró sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí Sístà Àmín dé, ó ń dúró dè é. Bó ti sọ ọ́, ìka náà sún sí èyí tó kàn.

Gbogbo ìjọ ti parí, wọ́n ti jókòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí ìdúró.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni ìyá-àgbà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún Sístà Àmín níhà, "orúnkún ń dùn mí o. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré. Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ pọ̀."